Bí Eérú Ṣe Di Ṣọ́ọ̀ṣì ní Kapadókíà

Ẹni tó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí kejì sókè rí níwájú ìjọ ti pe orúkọ Kapadókíà, bí kò tilẹ̀ mọ ibi tó wà. Àárín gbùngbùn ilẹ̀ Túrkì ni. Láàárọ̀, ọkọ̀ á kó àwọn àlejò, afinimọ̀nà á máa ṣàlàyé, wọn á wo àpáta gíga Uçhisar, wọn á wọ inú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta ní Göreme, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó padà.

Òkè oníná ló dá òkúta yẹn sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ni àwọn òkè oníná àgbègbè náà ń tu eérú, tí eérú ń gorí eérú títí ó fi dì. Òjò àti afẹ́fẹ́ wá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí òkúta dúdú líle bá ti bo orí rẹ̀, eérú abẹ́ rẹ̀ a dúró gangan bí òpó tó dé fìlà. Eérú tó di òkúta yìí rọ̀ débi pé irin kékeré lásán lè gbẹ́ ẹ. Ìyẹn ló mú kí àwọn ará ibẹ̀ máa gbẹ́ ilé, àká àti ilé ẹyẹlé sínú rẹ̀.

Ní ọdún 370, Basil di bíṣọ́ọ̀bù Kesaréà ti Kapadókíà, tó ń jẹ́ Kayseri báyìí. Òun ló là á sílẹ̀ pé kí àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn tó fi ayé sílẹ̀ torí Ọlọ́run, máa gbé pọ̀, kí wọ́n máa gbàdúrà pọ̀, kí wọ́n sì máa fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè gbà: pé àwọn Kristẹni tó ń sá fún Róòmù ló gbẹ́ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀nyí. Láàárín ọdún 900 sí 1100 ni wọ́n gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí à ń wò ní Göreme, tí wọ́n sì kùn wọ́n, nígbà tí ọba Kristẹni ń jẹ ní Constantinople, tó ń jẹ́ Istanbul báyìí.

Ẹ wo àwọn òpó inú wọn dáadáa. Òpó míì ti kán nísàlẹ̀, tó kù tó ń fì láti òkè, síbẹ̀ àjà ò wó. Kò gbé nǹkan kan dúró láti ìbẹ̀rẹ̀, torí òkúta kan ṣoṣo ni òpó, àjà àti ògiri. Agbẹ́kùúta fi í sílẹ̀ nígbà tó ń kó ìyókù jáde ni, kí ilé Olúwa tirẹ̀ náà lè jọ èyí tí wọ́n fi bíríkì kọ́.

Karanlık Kilise, ìyẹn Ṣọ́ọ̀ṣì Òkùnkùn, ló wù mí jù. Fèrèsé rẹ̀ kéré, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé, ni àwọ̀ ò fi ṣá. Nígbà tí àdéhùn tí Gíríìsì àti Túrkì ṣe lọ́dún 1923 kó àwọn Kristẹni Gíríìkì kúrò ní Kapadókíà, kò sẹ́ni tó máa jọ́sìn níbẹ̀ mọ́. Ẹyẹlé ni wọ́n ń sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí títí di nǹkan bí ọdún 1950, torí ìgbẹ́ ẹyẹlé ni ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ibẹ̀ ń fi sí ọgbà àjàrà. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sọ̀ ha ìgbẹ́ náà kúrò lára ògiri, Jésù àti àwọn àpósítélì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, tàwọn ti aró aṣọ wọn.