Ojú Ìyẹ̀fun ni Iṣẹ́ Wà

Ẹni tó bá fara ti ògiri ilé àtijọ́ kan ní Ẹnuwá tàbí Lágéré ní Ilé-Ifẹ̀, tí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ wá funfun, ti lè rí iṣẹ́ ọwọ́ titanium dioxide (TiO₂) láìmọ̀. TiO₂ ni ìyẹ̀fun tó ń mú ọ̀dà funfun. Bí oòrùn bá ń pa á lójoojúmọ́, a máa jẹ ohun tó so ọ̀dà mọ́ra, ọ̀dà á sì di lẹ́búlẹ́bú. (Kì í ṣe òun nìkan o; ọ̀dà tí wọ́n da ẹfun sí jù náà ń bó bẹ́ẹ̀.) Àìdáa tó ń ṣe fún ògiri yìí gan-an ni àwọn tó ń fọ omi ìdọ̀tí ń wá: kó jẹ aró àti oògùn kòkòrò tó wà nínú omi.

Bí ìmọ́lẹ̀ tó lágbára tó 3.2 eV (eV ni òṣùwọ̀n agbára rẹ̀) bá kan anatase, ọ̀kan nínú àwọn irú tí kírísítálì TiO₂ ní, yóò ta ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kan dìde, àlàfo á sì ṣí síbi tó ti kúrò. Bí àwọn méjèèjì bá tún pàdé kíákíá, ooru lásán ló kù. Bí wọ́n bá ráyè dé ojú ìyẹ̀fun, àlàfo á já ẹ̀lẹ́kítírọ́nù gbà lára omi, èyí tó ta dìde á bọ́ sọ́wọ́ ọ́síjìn, ohun tó tibẹ̀ jáde á sì máa tú aró ká.

Ojú ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é kúnná. Gíráàmù kan P25, irú tó gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ní ojú tó tó nǹkan bí 50 m². Gíráàmù 10, ẹ̀kúnwọ́ kan péré, bí a bá lè tẹ́ gbogbo ojú rẹ̀ sílẹ̀, yóò bo pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 tán.

Àwọn ọlọ́dà ń fi sílíkà tàbí àlúmínà bo ojú yìí kó má baà jẹ ọ̀dà. Àwọn tó ń fọ omi ń ṣí i ni. Wọ́n á sun ún kí èérí kúrò, ṣùgbọ́n bí iná bá pọ̀ jù, anatase á di rutile, irú kírísítálì TiO₂ mìíràn, hóró á lẹ̀ mọ́ hóró, ojú á sì dínkù. Wọ́n lè lẹ fàdákà tín-ín-tín mọ́ ọn kó máa gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nù pamọ́. Wọ́n sì lè fi náítírójìn sí i kó lè lo ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn ń rí, nítorí UV, ìtànṣán tí ojú wa kò rí tí TiO₂ lásán nílò, kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 oòrùn lọ. Oòrùn Ifẹ̀ mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò wúlò fún TiO₂ lásán.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n sì fi ń bi ojú yìí léèrè. Lórí ẹ̀rọ Raman, tó ń fi iná lésà wo bí átọ́ọ̀mù ṣe ń gbọ̀n, anatase á dáhùn ní 144 cm⁻¹. XPS, tó ń fi ìtànṣán X lé ẹ̀lẹ́kítírọ́nù jáde, kì í wò ju nánómítà díẹ̀ lọ, nítorí náà òun ló mọ awọ ju inú lọ: titanium tí kò tíì gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kún á yọ ní nǹkan bí 458.7 eV, èyí tó ti gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kún á yọ nísàlẹ̀ rẹ̀. UV-Vis, ẹ̀rọ tó ń wo irú ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan ń gbà, ló ń sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìmọ́lẹ̀, 388 nm fún anatase lásán.

Bí ìyẹ̀fun bá wá pọ́n rúsúrúsú, inú ọ̀pọ̀ á dùn pé ó ti ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Àwọ̀ kì í ṣe iṣẹ́. Aró ni wọ́n ṣì máa dán an wò lára, ìyẹ̀fun náà sì ń fa aró mọ́ra láìjẹ ẹ́. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìyẹ̀fun àti aró sínú òkùnkùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, kó fa èyí tó lè fà tán, kí wọ́n tó tan iná.