Iṣẹ́ abẹ abala ara fún egbò ìdùbúlẹ̀

Iṣẹ́ abẹ abala ara, ìyẹn sísún awọ àti ọ̀rá láti ìtòsí wá bo ojú egbò, ni àwọn dókítà fi ń dí egbò ìdùbúlẹ̀ tó ti jìn dé egungun. Ẹni tí kò lè yíra padà fúnra rẹ̀ ni egbò yìí ń mú, pàápàá ẹni tí jàǹbá ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di aláìnímọ̀lára. Ìwúwo ara á tẹ awọ mọ́ egungun ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ìdí, ẹ̀gbẹ́ itan tàbí gìgísẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní ráyè débẹ̀ mọ́. Nínú ìpele mẹ́rin tí wọ́n pín in sí, ìpele 3 àti 4, àwọn tó jìn jù, ló sábà máa ń la abẹ lọ.

Ojú lásán kì í mọ bí egbò náà ṣe tó. Ẹnu rẹ̀ lè má ju owó ẹyọ lọ, kí abẹ́ awọ sì ti di ihò tí ìkúùkù lè wọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ kan fi ń kun inú rẹ̀ ní aró búlúù: ibi tí aró bá dé ni wọ́n ń gé dànù. Wọ́n á gé ṣóńṣó egungun tó yọ síta, wọ́n á sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò kòkòrò àrùn.

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n bó níbòmíràn kò lè gba ìwúwo ara níbẹ̀. Abala nípọn: awọ àti ọ̀rá, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹran abẹ́ rẹ̀, ni wọ́n jọ ń sún, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ wọn kò sì já. Fún egbò ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n lè la awọ ìdí bíi lẹ́tà V, kí wọ́n sún un; ojú ìrán á wá dà bíi Y. Ẹ̀yìn itan ni wọ́n sábà ti ń mú abala fún egbò egungun ìjókòó. Oníṣẹ́ abẹ John Staige Davis dábàá lílo abala fún egbò yìí ní Amẹ́ríkà ní 1938. Ní 1993, oníṣẹ́ abẹ Isao Koshima àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ṣàlàyé abala ìdí tí kò nílò kí wọ́n gé ẹran ìdí kúrò.

Lẹ́yìn abẹ ni wàhálà ku. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, aláìsàn kò gbọdọ̀ fara ti ojú ibẹ̀. Ìjókòó àkọ́kọ́ kì í ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Wọ́n á yẹ awọ wò, bí pípọ́n rẹ̀ kò bá tètè lọ, ó di orí bẹ́ẹ̀dì padà. Sìgá àti àìjẹun dáadáa lè tú ojú ìrán. Egbò náà a máa padà wá, nítorí náà abala ńlá ni wọ́n ń gé láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè tún un sún nígbà tó bá yá.