Màṣíìnì tuntun, ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí wáráńtì

Abẹ́òkúta ni mo ti ń gbé búrẹ́dì kiri fún àwọn tó ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún tó kọjá mo ra màṣíìnì tuntun, mo de àpótí ńlá kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì ń rìn láti Láfẹ́nwá dé Òkè-Ìlewó lójoojúmọ́. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta, kìlómítà 2,640 ló wà lójú rẹ̀, nígbà tí mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ọ̀rá tí mo fi bo ìsàlẹ̀ àpótí náà ti dúdú, ó sì ń yọ̀ bí ẹni fi ọ́ìlì pa á. Mo bojú wẹ̀yìn: èéfín aláwọ̀ aró ni sálẹ́ńsà ń tú jáde. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko la fi fà á kí wọ́n tó tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, lábẹ́ wáráńtì, ìyẹn ìlérí pé àwọn á tún ọjà tuntun ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá ní àléébù. Látìgbà náà, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń gbé ẹrù bíi tèmi kò yéé dá mi dúró bi mí. Àwọn ìbéèrè wọn rèé.

Màṣíìnì mi tuntun ń yọ èéfín. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n gbé e wá kí òun tú u wò, pé iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Ṣé kí n gbà?

Ẹ má gbà, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé mẹkáníìkì yín lè mọ iṣẹ́ ju ti iléeṣẹ́ lọ. Tèmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ojú nọ́ọ̀tì orí sìlíńdà bá ti fá, ohun àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ tó yẹ kó fi wáráńtì tún un ṣe máa kọ sínú ìwé ni pé ẹlòmíràn ti tú ẹ́ńjìnnì. Láti ibẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó tún lè sọ bóyá àtìbẹ̀rẹ̀ ni àléébù náà ti wà tàbí ọwọ́ ẹni tó tú u ló dá a sílẹ̀. Wọn kò sì ní yọ ara wọn lẹ́nu láti wádìí rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ pa á, kí ẹ sì má gùn ún mọ́. Èéfín aláwọ̀ aró túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ń jó pẹ̀lú epo: ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìnì kọjá, tàbí kó máa gba ibi fáàfù wọlé. (Èéfín funfun díẹ̀ ní òwúrọ̀ tí òtútù mú kò ní nǹkan ṣe, dúdú sì sábà máa ń fi hàn pé epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ jù.) Bí ọ́ìlì bá ń jó, ó ń dín kù nìyẹn. Bí ẹ bá ń gùn ún lọ, ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti ara ríìngì á ran sìlíńdà, á ran kíráńkì, wọ́n á sì sọ fún yín pé ẹ gùn ún láìsí ọ́ìlì. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ṣòro láti já.

Ẹ ya fọ́tò kìlómítà tó wà lójú rẹ̀. Ẹ ya fídíò èéfín náà, kí ohùn ẹ́ńjìnnì náà sì wọ inú rẹ̀. Ẹ wá fi píkọ́ọ̀pù tàbí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín. Kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé ìṣojú yín ni kí wọ́n ti tú u. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú tèmi, ọ̀gá tó ń tú u fi èékánná fa inú sìlíńdà láti òkè wá sísàlẹ̀, èékánná náà sì há. Ó ní kí èmi náà fi tèmi kàn án. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó ìka ìfábẹ̀lá, bí ìgbà tí èèyàn fi ṣóńṣó ìṣó fa ara irin. Mo ya fọ́tò ìyẹn náà. Bí mi ò bá sí níbẹ̀, ohun tí wọ́n bá kọ ni máa gbà.

Kí ni wáráńtì gbà, kí ni kò gbà?

Àléébù tó wá látinú bí wọ́n ṣe rọ nǹkan tàbí bí wọ́n ṣe tò ó ni wáráńtì ń gbà. Ohun tó ń jẹ tán fúnra rẹ̀, bíi bíréèkì, táyà, búlúbù, pọ́lọ́ọ̀gì àti ṣéènì, kò sí níbẹ̀. Oṣù àti kìlómítà ni wọ́n máa ń kọ pa pọ̀ sára káàdì, èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni wáráńtì parí sí. Ẹni tó ń fi màṣíìnì ṣiṣẹ́ owó á ti rin kìlómítà náà tán kí oṣù tó pé, nítorí náà kìlómítà ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ tún wo káàdì náà bóyá wọ́n kọ ohunkóhun síbẹ̀ nípa gbígbé èrò tàbí ẹrù fún owó. Kí ẹ tó sanwó ló yẹ kí ẹ ti kà á.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Inú páálí ni ọ̀pọ̀ màṣíìnì tó ń ti Íńdíà àti Ṣáínà wá ti máa ń wọ ìlú wa, ibí ni wọ́n ti ń tò ó. Iléeṣẹ́ tó ń kó o wọlé fún Nàìjíríà ló sábà máa ń dúró lórí wáráńtì náà, nípasẹ̀ àwọn diílà rẹ̀. Bí ẹ bá ra màṣíìnì kan náà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e gba Kútọnù wá, ó lè jẹ́ ojúlówó, síbẹ̀ kí iléeṣẹ́ tó wà níbí sọ pé àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Nọ́ḿbà ṣásí rẹ̀ ni wọ́n máa fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n ní ọ́ìlì mọ́tò ni mo dà sí i, pé òun ló bà á jẹ́. Kí ni mo lè sọ?

Bí wọ́n ṣe sọ fún èmi náà nìyẹn, ó sì dùn mí gan-an, torí mo mọ ohun tí mo dà sínú màṣíìnì mi.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí kì í ṣe irọ́ lásán o. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń lo gíà ọwọ́, ọ̀tọ̀ ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ̀tọ̀ ni ti gíà, gbígbẹ sì ni kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ màṣíìnì wa, ọ́ìlì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo rẹ̀: òun ló ń bọ́ písítìnì, òun ló ń bọ́ gíà, inú rẹ̀ náà ni kílọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀ sí. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan ní èròjà tó ń mú kí nǹkan yọ̀ gan-an. Ó dára fún mọ́tò, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì tó yẹ kó di nǹkan mú á wá máa yọ̀: ẹ́ńjìnnì á máa ké, màṣíìnì kò ní sáré. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Jàpáànù fi ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní JASO. Bí ẹ bá rí JASO MA tàbí MA2 lẹ́yìn ike ọ́ìlì, ó bá màṣíìnì tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì mu. JASO MB kì í ṣe fún un. Nọ́ḿbà bíi 20W-50 tí àwa máa ń bèèrè nílé epo, bí ọ́ìlì ṣe ki tó nìkan ló ń sọ. Kò sọ ohunkóhun nípa kílọ́ọ̀ṣì.

Ohun tó yọ mí ni ike náà. Ìyàwó mi ti fọ̀ ọ́, ó sì ti ń fi í ra kẹrosíìnì. Mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀ tòun ti òórùn kẹrosíìnì, pẹ̀lú risíìtì ọjọ́ tí mo ra ọ́ìlì náà, mo fi ibi tí wọ́n kọ MA sí hàn wọ́n. Ọ̀gá náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà fún mi, kò sì dárúkọ ọ́ìlì mọ́.

Bí ẹ kò bá tiẹ̀ ní ike, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀: báwo ni ohun tí ẹ ní mo ṣe yìí ṣe fa ohun tó bàjẹ́ yìí gan-an? Kílọ́ọ̀ṣì ni ọ́ìlì tó ń yọ̀ jù máa ń yọ lẹ́nu. Ẹni tó bá ní òun ló fa ìlà sínú sìlíńdà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Sáfíìsì àkọ́kọ́ ni ibòmíràn tí wọ́n ti máa ń mú èèyàn. Kò sábà jù kìlómítà 1,000 lọ, ìwé màṣíìnì yín á sọ iye rẹ̀ gan-an. Ẹ má ṣe é níbòmíràn, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí káàdì lójú yín. Mo mọ bọ̀dá kan ní Adátán tó ṣe tirẹ̀ lọ́dọ̀ diílà gan-an, wọn ò lu òǹtẹ̀, ọmọ tó ṣe é sì ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wàhálà dé.

Àtúnṣe ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ṣé mi ò lè ní kí wọ́n fún mi ní màṣíìnì míì?

Òfin Nàìjíríà kan wà tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí wọ́n ń pè ní FCCPA ti ọdún 2018, tí ààrẹ buwọ́ lù ní 2019. Ó sọ pé ọjà tí wọ́n bá tà fún wa gbọ́dọ̀ dára, kó ṣiṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á, kó má lábùkù, kó sì tọ́jọ́ bó ṣe yẹ kó tọ́jọ́. Ẹ̀tọ́ yìí wà yálà wọ́n fún yín ní káàdì wáráńtì tàbí wọn kò fún yín. Àtúnṣe, pípààrọ̀ àti dídá owó padà ni ọ̀nà mẹ́ta tí òfin náà mọ̀. Ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri pé àwọn kì í dá owó padà kò lè pa ẹ̀tọ́ yẹn rẹ́.

Ní tèmi o, bí ó bá jẹ́ sìlíńdà, písítìnì àti ríìngì nìkan, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Iṣẹ́ tí mẹkáníìkì gidi mọ̀ dunjú ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún un ṣe tí ohun kan náà tún padà wá, ẹ má gbà kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ̀wé béèrè fún òmíràn tàbí owó yín.

Wọ́n ní gbogbo ẹ́ńjìnnì ni àwọn máa pààrọ̀. Ó dùn mọ́ mi. Ṣé ewu kankan wà níbẹ̀?

Ewu wà níbẹ̀ bí ẹ kò bá gba ìwé. Ara kéèsì ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì sí. Bí wọ́n bá pààrọ̀ sìlíńdà àti písítìnì, nọ́ḿbà yín kò yí padà. Bí wọ́n bá pààrọ̀ kéèsì tàbí odindi ẹ́ńjìnnì, nọ́ḿbà ti di òmíràn, ìwé màṣíìnì tó wà lọ́wọ́ yín kò sì bá ohun tí ẹ ń gùn mu mọ́. Ẹ mọ bí àwọn ọlọ́pàá ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n á fi àkísà nu ara kéèsì, tí wọ́n á máa ka nọ́ḿbà náà níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá bá ìwé mu, olè ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè é.

Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí wọ́n kọ nọ́ḿbà àtijọ́ àti tuntun sí, pẹ̀lú nọ́ḿbà ṣásí, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àti risíìtì ẹ́ńjìnnì tuntun náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Ìwé yìí ni ẹ máa gbé lọ sí ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé ọkọ̀ àti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ ṣe. Ẹ má gùn ún jáde kí ẹ tó gba lẹ́tà náà, wọn ì báà ní àwọn á fi ránṣẹ́ lọ́la.

Mo ṣì ń jíṣẹ́ owó màṣíìnì náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ta ló máa san owó ọjọ́ tí mi ò ṣiṣẹ́?

Wáráńtì kì í san án, ẹni tó yá yín lówó kò sì ní dúró. Ẹ tètè lọ bá a pẹ̀lú ìwé tí iléeṣẹ́ fi gba màṣíìnì náà wọlé, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èmi yá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì àbúrò mi, mo sì ń gbé ìdajì búrẹ́dì.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. "Pààtì ń bọ̀ lọ́nà" ni wọ́n ń sọ.

Ẹ dẹ́kun ìpè. Ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbé e wá sínú rẹ̀, kìlómítà, ohun tó ń ṣe é, ohun tí wọ́n ti sọ àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, kí ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ kan pàtó, bí ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ ṣe é ní méjì, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń kó màṣíìnì náà wọ Nàìjíríà, torí ìgbà mìíràn diílà gan-an ti béèrè pààtì tí wọn kò dá a lóhùn. Ọjọ́ karùn-ún tí tèmi dé ọ̀dọ̀ wọn ni pààtì dé.

Bí ọjọ́ bá kọjá, àjọ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin FCCPA yẹn, ni kàn: wọ́n ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìgba owó. Ẹni tó wà ní Èkó tún lè lọ sọ́dọ̀ LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Láti 2018 ni Èkó sì ti ní kóòtù fún ẹ̀sùn owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, tí wọ́n fẹ́ kó máa parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Ẹni tó bá ní iye kan pàtó tó ń béèrè ni kóòtù náà wà fún.

Màṣíìnì ti dé. Kí ni mo gbọ́dọ̀ wò kí n tó gùn ún lọ?

Ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n pààrọ̀ sí. Ẹ ní kí wọ́n fi ògbólógbòó hàn yín. Ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì fúnra yín, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ jẹ́ kó gbóná, kí ẹ sì wo ẹnu sálẹ́ńsà. Sìlíńdà àti ríìngì tuntun ṣì ń mọ ara wọn, nítorí náà bí ẹ ṣe rọra gun màṣíìnì nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà ni kí ẹ tún ṣe: ẹrù díẹ̀, ìrìn pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì tètè pààrọ̀ ọ́ìlì.

Ẹ tún béèrè pé kí wọ́n fi ọjọ́ tó lò lọ́dọ̀ wọn kún wáráńtì. Wọ́n kọ́kọ́ ní kò sí irú ẹ̀ rí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà wọn láti aago mẹ́sàn-án títí oòrùn fi wọ̀ mí lára. Nígbà tó yá ọ̀gá náà jáde, ó gba káàdì lọ́wọ́ mi, ó fi bírò kọ "ọ̀sẹ̀ méje" sẹ́yìn rẹ̀, ó sì lu òǹtẹ̀ sí i.