Oúnjẹ aṣaralóore àti bí ara ṣe ń lò ó

Oúnjẹ aṣaralóore ni oúnjẹ tí ara ń rí nǹkan gidi yọ nínú ẹ̀, láti fi ṣe agbára, láti fi dàgbà, láti fi tún ibi tó bá bàjẹ́ ṣe. Àwọn nǹkan tó ń yọ náà ni afúnnilókun, amúaradàgbà, ọ̀rá, fítámì, mínírà àti omi. Ní ilẹ̀ Òkun, ìwọ̀-oòrùn Kogi níbẹ̀yẹn, láti Kàbà dé Mọ̀pà, Ìsánlú, títí dé Ẹ̀gbẹ̀, iyán ò jìnnà sẹ́nu ẹnikẹ́ni, òun àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ló sì rọrùn jù láti fi ṣàlàyé ẹ̀.

Afúnnilókun ló pọ̀ jù nínú iyán. Itọ́ ẹnu ló yẹ kó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, àmọ́ ta ló ń rún iyán lẹ́nu, gbígbé mì ni, torí náà ìfun kékeré ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, á fọ́ ọ títí á fi di glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà tí ara ń lò, á wá wọnú ẹ̀jẹ̀, ínsúlínì, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, á sì jẹ́ kí àwọn iṣan ara rí i gbà. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ̀dọ̀ àti iṣan á tọ́jú díẹ̀, ìyókù á di ọ̀rá. Ẹni tó kọ ebè láti àárọ̀ á jó tiẹ̀ dànù, ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ò lè rí i jó tó bẹ́ẹ̀.

Gíráàmù kan afúnnilókun tàbí amúaradàgbà máa ń fúnni ní kálórì 4 (òun la fi ń wọn agbára inú oúnjẹ), ti ọ̀rá jẹ́ 9, ìdí nìyẹn tí epo díẹ̀ fi ń tó èèyàn. Epo pupa wúlò ju agbára lásán lọ o, ohun tó ń mú un pupa yẹn ni ara ń sọ di fítámì A tí ojú nílò. Ẹni tó bá yan epo títí tó fi funfun, ó ti jó nǹkan yẹn dànù. Fítámì A, D, E àti K sì ń fẹ́ ọ̀rá kí ara tó lè gbà wọ́n dáadáa.

Amúaradàgbà wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, irú, àti ẹ̀gúsí fúnra ẹ̀. Ara máa ń tú u sí amino acid, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tó para pọ̀ di amúaradàgbà, oríṣi 20 ló ń lò, àgbàlagbà ò sì lè ṣe 9 nínú wọn fúnra ẹ̀, àfi kó jẹ ẹ́. Ẹ̀wà ní èyí tí kò pọ̀ tó nínú àgbàdo, àgbàdo náà ní èyí tí kò pọ̀ tó nínú ẹ̀wà, ẹni tó ń jẹ àdàlú ti rí méjèèjì. Kò tiẹ̀ dìgbà tí wọ́n bá wà nínú abọ́ kan náà, kó ṣáà ti jẹ́ ọjọ́ kan náà.

Irin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ara kì í sì í tètè gba irú ẹ̀ bíi ti ẹran. Fítámì C ló ń ràn án lọ́wọ́. Tí àsìkò kajú bá dé, kóró lọ̀pọ̀ ń ṣà tà, èso ẹ̀ á máa jẹrà sábẹ́ igi, bẹ́ẹ̀ fítámì C inú ẹ̀ ju ti ọsàn lọ. Tíì tí wọ́n bá mu mọ́ oúnjẹ ní tiẹ̀ máa ń dí irin yẹn lọ́wọ́, ó dáa kí wọ́n fi í sílẹ̀ di bíi wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ.