Fọ́máàtì nìkan ò tó láti nu láptọ̀ọ̀pù dáadáa

Ibi tí wọ́n ti ń tẹ Reset, tó ń dá láptọ̀ọ̀pù padà sí bó ṣe wà nígbà tó jẹ́ tuntun, nínú Windows ò gba àlàyé, inú Settings ló wà, kò sẹ́ni tí ò lè rí i. Ohun tó yẹ ká wò dáadáa ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí fáìlì lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, torí àwọn tó fẹ́ ta láptọ̀ọ̀pù àbí tó fẹ́ dá a padà fún ọ́fíìsì máa ń sọ pé "mo ti fọ́máàtì ẹ̀", ọkàn wọn á sì balẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáìlì wọn lè ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ẹ jẹ́ ká fi dísíìkì láptọ̀ọ̀pù wé ilé face-me-I-face-you kan, kọ̀ǹpútà ni láńlọ́ọ̀dù, fáìlì ni ayálégbé. Láńlọ́ọ̀dù ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ ayálégbé àti nọ́ńbà yàrá sí. Tí èèyàn bá dílíìtì fáìlì, gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe ò ju pé ó fagi lé orúkọ ayálégbé yẹn nínú ìwé, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé yàrá ti ṣófo. Ayálégbé ò tíì kó jáde o. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ wà níbẹ̀, ìkòkò ẹ̀ wà níbẹ̀, ó dìgbà tí wọ́n bá fi ẹlòmíì sínú yàrá yẹn kí ẹrù ẹ̀ tó kúrò. Quick format wá ńkọ́? Láńlọ́ọ̀dù ju ìwé àtijọ́ nù, ó ra ìwé tuntun, ó tán. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í pẹ́ rárá, nígbà tó jẹ́ pé kéèyàn kọ nǹkan sórí háàdì dísíìkì 500GB látòkè délẹ̀ lè gba wákàtí kan ààbọ̀.

Sọ́fítíwíà tó ń wá fáìlì tí wọ́n ti dílíìtì, bíi PhotoRec, ọ̀fẹ́ ni, kì í tiẹ̀ wo ìwé láńlọ́ọ̀dù, ṣe ló ń ṣílẹ̀kùn yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò JPEG máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú báìtì FF D8 FF, PDF máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú %PDF, ibi tó bá ti rí irú ẹ̀ ló ti máa kó o. Simson Garfinkel àti Abhi Shelat ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ra háàdì dísíìkì àlòkù 158, wọ́n gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 2003: 129 ló ṣiṣẹ́, 12 péré ni wọ́n nù dáadáa nínú ẹ̀, nọ́ńbà káàdì báńkì tí wọ́n bá níbẹ̀ sì lé ní 5,000. Láptọ̀ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ń wọ Computer Village ní Ìkẹjà náà, ẹnì kan ló lò ó rí lókè òkun, tó bá jẹ́ háàdì dísíìkì àtijọ́ ló wà nínú ẹ̀ tí ẹni yẹn kàn ṣe quick format, ẹni tó rà á lè wo fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀.

Ní ti háàdì dísíìkì tó ń yí, oògùn ẹ̀ ò le. Ẹ kọ òdo sí gbogbo yàrá, ẹ̀ẹ̀kan péré. Látìgbà Windows Vista, full format ń ṣe bẹ́ẹ̀, Reset náà á ṣe é téèyàn bá tan Clean data nínú ẹ̀, àmọ́ wọ́n fi í pamọ́ sábẹ́ Change settings, èyí ò sì dáa tó, torí ẹni tó nílò ẹ̀ jù ni ò ní débẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ó gbọ́dọ̀ tó ìgbà 35, ọ̀rọ̀ Peter Gutmann, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ní 1996 ni wọ́n ń tún sọ, dísíìkì oríṣiríṣi ayé ìgbà yẹn ló ń bá wí, òun fúnra ẹ̀ sì ti sọ lẹ́yìn náà pé kò wúlò fún dísíìkì òde òní.

Orí SSD, ìyẹn dísíìkì tí ò ní ohun tó ń yí, tó jẹ́ inú chip ló ń kó fáìlì sí, lọ̀rọ̀ ti wá yí padà pátápátá, torí ilé yìí ní kiatéékà, ìyẹn chip kan nínú SSD tó ń pinnu ibi tí fáìlì máa wà. Òfin ilé ni pé wọn ò lè fi ayálégbé tuntun sí yàrá kan àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fọ gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì níye ìgbà tí wọ́n lè fọ̀ ọ́ kó tó bàjẹ́, ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ni lórí ọ̀pọ̀ SSD. Kiatéékà ò fẹ́ kí ilé tètè bàjẹ́, nítorí náà tí láńlọ́ọ̀dù bá ní "lọ kọ òdo sí yàrá 12", yàrá míì tó ṣófo ló máa kọ ọ́ sí, á wá yọ nọ́ńbà 12 lára ilẹ̀kùn àtijọ́ kàn án mọ́ tuntun. Láńlọ́ọ̀dù á wò ó, á rí òdo, á ní ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ẹrù àtijọ́ wà nínú yàrá tí ò ní nọ́ńbà mọ́. Ó tún ní yàrá tí láńlọ́ọ̀dù ò mọ̀ pé ó wà rárá, tí wọ́n fi ṣe ààyè fún kiatéékà látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé. Ìyẹn ló fà á tí Michael Wei àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì California ní San Diego fi rí i ní 2011 pé nínú àwọn ọ̀nà tó wà nígbà yẹn láti pa fáìlì kan lọ́tọ̀ rẹ́, kò sí èyí tó ṣe é dáadáa lórí SSD.

TRIM ń ṣèrànwọ́, òun ni láńlọ́ọ̀dù fi ń sọ fún kiatéékà pé àwọn yàrá báyìí ti ṣófo, àmọ́ ìgbà tó bá wu kiatéékà ló máa fọ̀ wọ́n. Ohun tó dáa jù ni kí wọ́n bá kiatéékà fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀, torí òun nìkan ló mọ gbogbo yàrá. Àṣẹ tó wà fún un ni Secure Erase lórí SSD SATA àti Sanitize lórí NVMe, ìyẹn oríṣi SSD méjì tí ọ̀nà tí wọ́n fi so wọ́n mọ́ láptọ̀ọ̀pù yàtọ̀ síra. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe SSD ló kọ́ kiatéékà níṣẹ́ o, San Diego yẹn náà ni wọ́n ti rí ọ̀kan tó jíṣẹ́ pé òun ti nù ún tán, tí gbogbo dátà sì wà níbẹ̀.

Encryption ló fọgbọ́n yanjú gbogbo ẹ̀, ọgbọ́n yẹn sì wúni lórí gan-an. Kí wọ́n tó kọ nǹkankan sínú yàrá ni wọ́n á ti fi nọ́ńbà àṣírí kan dà á rú, bíìtì 256 péré ni nọ́ńbà yẹn lè jẹ́, ìyẹn báìtì 32. Tí wọ́n bá pa báìtì 32 yẹn rẹ́, gbogbo 1TB di jágbajàgba lójú ẹsẹ̀, títí kan yàrá tí kiatéékà fi pamọ́. Ohun tí Erase All Content and Settings ń ṣe lórí Mac tó ní chip ààbò T2 àtàwọn tí Apple fi chip tiẹ̀ ṣe nìyẹn, ìdí tó fi yára bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ibi tó kù sí ni pé ó gbọ́dọ̀ ti wà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó tan BitLocker, ìyẹn encryption inú Windows, lánàá torí pé ó ń dá láptọ̀ọ̀pù padà lónìí, tó sì mú "used disk space only", ibi tí fáìlì wà nìkan ló dàrú, àwọn tó ti dílíìtì tẹ́lẹ̀ ò sí lára ẹ̀.

Láptọ̀ọ̀pù ọ́fíìsì tún yàtọ̀. Ẹ má nù ún láì béèrè lọ́wọ́ àwọn IT, dátà iṣẹ́ lè jẹ́ tiwọn, ẹ kó tiyín jáde kí ẹ sì sign out nínú ohun gbogbo. Àwọn náà lẹ́yìn tí wọ́n bá nù ún, tí wọ́n bá fẹ́ tà á, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú Autopilot, ìyẹn ètò Microsoft tí ilé iṣẹ́ fi ń forúkọ láptọ̀ọ̀pù wọn sílẹ̀, torí bí ẹni tó rà á bá ti gbé Windows sí i tó sì kàn án mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn ló máa yọ tí á ní kó wọlé. Ìnùmọ́ kankan ò lè mú un kúrò, torí ọ̀dọ̀ Microsoft ni àkọsílẹ̀ yẹn wà.

Tí SSD bá ti kú tí kò dáhùn mọ́, tí kò sì sí encryption lórí ẹ̀, àfi kí wọ́n fọ́ ọ. Kì í ṣe páálí òde ẹ̀ ni wọ́n máa fọ́, àwọn chip dúdú tó wà lórí bọ́ọ̀dù ni, gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí chip tó bá yè, wọ́n ṣì lè tú u kà.