Ben Turpin: bí ojú tí kò dọ́gba ṣe di iṣẹ́ òòjọ́

Ọdún 1907 ni George Spoor àti Gilbert Anderson dá ilé iṣẹ́ fíìmù Essanay sílẹ̀ ní Chicago. S àti A tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé wọn ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ di Essanay. Ben Turpin, aláwàdà ọmọ New Orleans ní Amẹ́ríkà tí wọ́n bí lọ́dún 1869, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Bí wọ́n bá ń ya fíìmù, òun ni aláwàdà. Bí wọ́n bá yà á tán, òun náà ni agbálẹ̀.

Ojú rẹ̀ kan ń wo iwájú, èkejì ń wo imú. Ó máa ń sọ pé orí ìtàgé lòun ti kó o, níbi tóun ti ń ṣe Happy Hooligan, ẹ̀dá apanilẹ́rìn-ín inú àwòrán ìwé ìròyìn, lálaalẹ́, tóun ń mọ̀ọ́mọ̀ yí ojú títí tí kò fi padà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á.

Ṣùgbọ́n ṣíṣubú ló fi ń jẹun. Èyí tí wọ́n ń pè ní 108 le jù: ẹsẹ̀ kan á ta síwájú, èkejì á ta sẹ́yìn, ara á yí lófuurufú, ẹ̀yìn á sì balẹ̀ gbì! Bí orí bá ṣáájú ẹ̀yìn kanlẹ̀, wàhálà dé. Lọ́dún 1909, Turpin kọ̀wé nínú Moving Picture World, ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ fíìmù, nípa ohun tí irú iṣẹ́ yìí ń fi ojú ara rí. Ọdún yẹn náà ló ṣe Mr. Flip, níbi tí wọ́n ti fi páì gbá a lójú, kí àṣà náà tó gbòde.

Fíìmù ìgbà náà kì í rí pupa; dúdú ló ń sọ ọ́ dà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kun ojú ní funfun, tí irunmú Turpin sì ń yọ kedere. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà: bó bá ya àwòrán 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n wá fi 16 hàn, gbogbo ìrìn á di kíá-kíá.

Charlie Chaplin, gbajúmọ̀ aláwàdà, mú un ṣe A Night Out lọ́dún 1915. Lọ́dọ̀ Mack Sennett, tó ń ṣe fíìmù àwàdà jáde, láti 1917, ló ti wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Lọ́dún 1923, ó fi The Shriek of Araby ṣe yẹ̀yẹ́ Rudolph Valentino, arẹwà ọkùnrin ìgbà náà. Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín ni pé Turpin kì í rẹ́rìn-ín: á máa yan bí ẹni pé òun gan-an ni arẹwà.

Nígbà tí fíìmù, tí kì í fọhùn tẹ́lẹ̀, fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn, ó ti fi owó ra ilé àti ilẹ̀, kò sì wá iṣẹ́ kiri mọ́. Fíìmù rẹ̀ ìkẹyìn ni Saps at Sea, lọ́dún 1940 tó kú. Púlọ́ńbà ló ṣe níbẹ̀, èyí tó so àwọn páìpù ilé lódìlódì. Ó kàn yí ojú sí kámẹ́rà ni, òǹwòran ti mọ ìdí.