Ẹ̀rọ Ìpàdé Fídíò Tòkunbọ̀ Nínú Pálọ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ Mọ̀

Láti Kabba títí dé Ìsánlú, ní ilẹ̀ Okun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ìpàdé ẹbí kì í pé sí pálọ̀ kan ṣoṣo mọ́. Àwọn ọmọ wà ní Àbújá, wọ́n wà ní Èkó, wọ́n wà ní Kánádà, àwọn àgbà sì wà nílé. Fóònù kan tí àgbà mẹ́fà ń gbà lọ́wọ́ ara wọn kò lè gbé irú ìpàdé bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan là ń rí, nígbà mìíràn ihò imú rẹ̀ nìkan. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń wá ẹ̀rọ ìpàdé fídíò tòkunbọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ti lò tán: kámẹ́rà tó ń yí ọrùn, máìkì orí tábìlì tó ń gbọ́ ohùn gbogbo yàrá, àti rímóòtù wọn. Owó rẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀ gan-an sí iye tí wọ́n rà á ní tuntun. Kò wálẹ̀ lásán.

Oríṣi méjì ni ẹ̀rọ yìí, ìyàtọ̀ àárín wọn ló sì ń pinnu bóyá owó máa wọ igbó. Èkíní ní ọpọlọ tirẹ̀. Àpótí kan wà tó ń gba àwòrán àti ohùn, tó ń fún wọn pọ̀, tó sì ń pe ẹ̀rọ mìíràn fúnra rẹ̀ láìsí kọ̀ǹpútà. Irú rẹ̀ ni Polycom HDX àti àwọn ẹ̀rọ Tandberg, ilé-iṣẹ́ Norway tí Cisco rà ní 2010. Èdè tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ ń sọ ni H.323, tó ti wà láti 1996, tàbí SIP. WhatsApp kò gbọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Google Meet náà kò gbọ́ wọn láìsí ògbufọ̀ olówó láàárín. Zoom lè gbọ́, àfi kí ẹni tó pe ìpàdé ti san owó lọ́tọ̀ fún un. Àpótí tó gbayì nínú yàrá ìpàdé òkè òkun ní nǹkan bí ọdún 2010 lè wá dé Kabba kó má rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Èkejì kò ní ọpọlọ. Kámẹ́rà, máìkì àti sípíkà lásán ni, wáyà USB ló so wọ́n mọ́ láptọ́ọ̀pù, láptọ́ọ̀pù ló sì ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ. Logitech GROUP, CC3000e àti BCC950 wà lára wọn. Ìlànà USB tí gbogbo ayé ń lò ni wọ́n ń tẹ̀ lé, nítorí náà Windows, Mac àti Linux máa ń dá wọn mọ̀ láìsí pé a tún kó nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà. Ibi tí láptọ́ọ̀pù bá lè pè ni àwọn náà lè pè. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀: oríṣi kejì yìí ni kó rà.

Ọ̀nà tí a fi ń dá wọn mọ̀ ní ọjà ni láti gbé láptọ́ọ̀pù dání. Kí a ki wáyà USB bọ̀ ọ́, kí a ṣí ètò kámẹ́rà, kí a wò bóyá àwòrán yọ. Ihò USB nìkan kò tó ẹ̀rí, torí àwọn àpótí ọlọ́pọlọ kan ní ihò USB tó jẹ́ ti àtúnṣe nìkan. Iná kékeré tó tàn níwájú ẹ̀rọ náà kì í ṣe ẹ̀rí, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó. Kí a tún ka ohun tó bá a wá: ṣájà, rímóòtù, wáyà kámẹ́rà. Wáyà kámẹ́rà Polycom, fún àpẹẹrẹ, ní ẹnu tirẹ̀ tí kì í ṣe HDMI, ẹnu wáyà tí a mọ̀ lára tẹlifíṣọ̀n; bó bá sọnù, ọ̀dọ̀ oníwáyà tó wà nítòsí kọ́ la ti máa rí òmíràn.

Ìdí iná ni ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ti lè tètè kú. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ kan wà lára ṣájà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú INPUT. Bó bá kọ 100-240V, 50/60Hz, ara rẹ̀ gba iná wa. Bó bá jẹ́ 120V nìkan ló kọ, iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. 230V ni ti Nàìjíríà, ìṣẹ́jú àáyá kan sì tó láti fi sun ún. Trànsífọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀ ló máa gbà á. Bí ṣájà bá ti sọnù tí a fẹ́ fi òmíràn rọ́pò, ìlà OUTPUT ni kí a wò: fóòtì (V) gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀rọ dọ́gba gẹ́lẹ́, ámpù (A) lè ju ti ẹ̀rọ lọ ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín. Àwòrán róbótó kan tún wà níbẹ̀ tó ní + àti −, tó ń fi hàn èwo ló wà ní àárín ẹnu ṣájà. Bí wọ́n bá yí padà, ẹ̀rọ lè jóná láìsí èéfín kankan.

Ẹni tó bá ti ra àpótí ọlọ́pọlọ náà kò tíì pàdánù pátápátá. Páásíwọ́ọ̀dù ọ́fíìsì tó ni í tẹ́lẹ̀ lè ṣì wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ní ihò kékeré tí a ń fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ nígbà tí a bá ń tan án, tí gbogbo ohun àtijọ́ á fi pa rẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí a pa ètò tó ń gbé ìpè fúnra rẹ̀. Kì í ṣe àsọdùn: ní oṣù kìíní ọdún 2012, HD Moore ti Rapid7, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, fi hàn pé òun lè tipa irú ètò yìí wọ yàrá ìpàdé àwọn ilé-iṣẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí kámẹ́rà máa wo yàrá láìsí ẹni tó mọ̀. Àwọn kámẹ́rà kan, bíi PrecisionHD ti Tandberg, ní ihò HDMI: a lè yọ wọ́n kúrò lára àpótí, kí a fi ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ HDMI di USB so wọ́n mọ́ láptọ́ọ̀pù. Kámẹ́rà yẹn ṣì dára ju ti ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù lọ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti so pọ̀, ohùn ló kù, òun ló sì ṣòro jù. Nínú ètò Zoom tàbí WhatsApp orí kọ̀ǹpútà, ibi mẹ́ta la ti ń yàn: kámẹ́rà, máìkì, sípíkà. Ọ̀pọ̀ ń yan kámẹ́rà, wọ́n á sì gbàgbé méjì yòókù. Ẹ̀rọ ìpàdé mọ ohun tí sípíkà rẹ̀ ń sọ, ó sì ń yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí máìkì rẹ̀ gbọ́. Bí ohùn bá ń ti ara tẹlifíṣọ̀n jáde, ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ìṣirò yẹn á sì dàrú: ẹni tó wà ní Toronto á kí wa ní “Okun o”, á sì gbọ́ “Okun o” tirẹ̀ padà. Èyí náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan nínú pálọ̀ kan náà bá tún fi fóònù tirẹ̀ wọ ìpàdé. Kí a pa ohùn fóònù náà àti máìkì rẹ̀.

Ilẹ̀ oní-táìlì àti ògiri sìmẹ́ńtì ń dá ohùn padà. Kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnnì tó nípọn ń gbé e mì. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sórí páànù tí kò ní sílíìnì, kò sí máìkì tó lè borí rẹ̀, kí wọ́n sún ìpàdé síwájú ni. Kámẹ́rà ní tirẹ̀, kí ó wà ní ìwọ̀n ojú ẹni tó jókòó, kí fèrèsé má sì wà lẹ́yìn àwọn àgbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjìji dúdú ni wọ́n máa jẹ́.

Ní ti dátà, Zoom sọ pé ìpè ẹni méjì ní 720p, ìyẹn àwòrán tó mọ́ dáadáa, ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré tó 1.2 Mbps ní lílọ àti iye kan náà ní bíbọ̀. Ìyẹn sún mọ́ gígábáìtì kan ní wákàtí kan. Ilẹ̀ olókè nilẹ̀ wa. Ilé tó wà lẹ́yìn òkè lè má rí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa. Kí a gbé ráútà lọ sí fèrèsé tó kọjú sí òpó náà, kí a fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn bí ihò bá wà.

Iná lè lọ láàárín ìpàdé. Láptọ́ọ̀pù, kámẹ́rà, ráútà àti tẹlifíṣọ̀n kékeré lápapọ̀ lè jẹ nǹkan bíi 140 wáàtì. Bátìrì 12V, 200Ah, bí a kò bá lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, lè gbé wọn fún bíi wákàtí méje sí mẹ́jọ. Tẹlifíṣọ̀n ló sábà ń jẹ iná jù nínú wọn. Bí àwọn tó wà ní pálọ̀ kò bá ju mẹ́ta lọ, ojú láptọ́ọ̀pù tó wọn.